Sẹ́ẹ̀lì Méjìdínlọ́gbọ̀n Nínú Oṣù Ààwẹ̀

11 Máàṣì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nígbà tí a ṣí ìdérí batiri ọkọ̀ haíbíríìdì Àǹtí Hadiza, ọkọ̀ tó ń lo epo àti batiri pọ̀: sẹ́ẹ̀lì méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n tò ti ara wọn bí búrẹ́dì inú ọ̀rá. Nọ́ńbà 13 àti 14 ti wú níkùn. Kọ́pà tó so wọ́n pọ̀ ti hu àwọ̀ ewé, apá òsì ló burú jù. Bóòtù mẹ́ta ti dípẹtà. Eruku pupa lára fáànù, ó nípọn débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i. Èèpo ẹ̀pà. Pẹ́ńsù ọmọ iléèwé kan tí wọ́n ti jẹ ìdí ẹ̀. Aláǹgbá kékeré kan tó ti gbẹ.

Ọ̀gá Zubair wò ó títí. Wọ́n na ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí mi. "Ṣọpẹ́, tìẹ nìyí. Láti orí dé ìdí."

Bọ̀dá Mohammed, tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọdún mẹ́rin kí n tó dé, gbójú sókè. "Ọ̀gá, èyí ti Àǹtí Hadiza yìí?"

"Èyí náà ni."

Àǹtí Hadiza dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jókòó. Ọmọ iléèwé mẹ́jọ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ yìí gbé láti Gáà-Àkáńbí lọ sí Tánkẹ̀, àárọ̀ àti ọ̀sán, látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Abdulkadir àbúrò wọn yá wọn ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìtúnu ló máa gbà á padà. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀, làwọn ọmọ máa padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi ọdún.

"Ọkùnrin kan ti gbé bọ́ọ̀sì dé," ni Àǹtí Hadiza wí. "Ó ń ti ilé dé ilé bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Tí mi ò bá sí níwájú ilé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, ó parí nìyẹn."

Ọ̀gá ní, "Ìńṣá Állà, ẹ máa wà níbẹ̀."

Mo ti ń ka iná orí nọ́ńbà 1.


12 Máàṣì, Ọjọ́rú

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. A ó fi iná kún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, a ó tú u jáde, lẹ́ẹ̀mẹta. Iye tó bá tú jáde nígbà kẹta ni agbára ẹ̀. Tuntun a máa tú 6,500 mAh. "Ẹni tó bá tú 5,000 sókè, kó dúró," bí ọ̀gá ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé èèyàn ni wọ́n. "Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ 4,500, kó máa lọ. Kì í ṣe alágbára là ń wá o. Àwọn tó dọ́gba là ń wá. Ọ̀lẹ kan láàárín alágbára, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa."

Ààwẹ̀ ti yí àsìkò iṣẹ́ wa padà. A ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ká lè ṣiṣẹ́ nígbà tí agbára ṣì wà lára. Tó bá di aago mẹ́wàá, Bọ̀dá Mohammed á lọ nà sílẹ̀ títí di aláásárì. Èmi ni mo ń bá ọ̀sán lọ. Ṣájà méje la ní. Mo pín iṣẹ́ náà kó lè wà létòletò: 1 sí 14 láàárọ̀, 15 sí 28 lọ́sàn-án. Ọjọ́ gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Bọ̀dá Mohammed rí mi tí mo ń mu omi. "Ìwọ náà ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, àbí? Ààwẹ̀ tí wọ́n ń mu omi sí, ààwẹ̀ wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ààwẹ̀ ni."

"Ta ló ń ka ti omi náà sílẹ̀?"

"Ọlọ́run ni. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. "Ìyá Adákẹ́ ti sọ̀rọ̀ lónìí! Òjò á rọ̀."


14 Máàṣì, Ọjọ́ Ẹtì

Iná ìjọba lọ ní aago méjìlá, sólà orí òrùlé ló gbà wá. Ooru yìí ti le jù. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń ta pá-pá bí ẹni ń yan àgbàdo. Òkúta omi dídì kan tí a ń rà ní ọ̀ọ́dúnrún náírà kí ààwẹ̀ tó dé ti di ẹgbẹ̀ta. Màámi ní kí n yéé rà á, kí n máa gbé omi ìkòkò lọ́wọ́ lọ.

Ìpele kìíní parí. Kò sí ẹni tó dáa níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ara wọn ṣì wúwo, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni.


15 Máàṣì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kò sí iná, sólà náà rẹ̀. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ gbogbo kọ́pà. Ó dán bí òrùka ìyàwó.


18 Máàṣì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìpele kejì. Àwọn ti àárọ̀ ń gòkè dáadáa. Nọ́ńbà 6 tú 5,400, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ti ọ̀sán ò kúrò lójú kan, 4,100, 4,250, 4,180. Mo fọwọ́ kan nọ́ńbà 20 nígbà tí iná ń wọ inú ẹ̀, ó gbóná ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo sún fáànù súnmọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni fáànù náà ń fẹ́.

Àǹtí Hadiza yà wá kí wa pẹ̀lú ẹ̀pà àti ọsàn. Wọ́n kàn wo tábìlì náà bí ẹni ń wo aláìsàn láti ojú fèrèsé.


20 Máàṣì, Ọjọ́bọ̀

Ọ̀gá wọ Ìtíkáàfù ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Títí wọ́n á fi rí oṣù, inú mọ́sálásí ni wọ́n máa wà, wọn ò ní jáde, wọn ò ní sọ̀rọ̀ òwò. Wọ́n ká ẹní, wọ́n mú Kùránì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín, wọ́n kó fóònù wọn fún ìyàwó wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwa méjèèjì.

"Mohammed, ìwọ lo dàgbà jù. Ṣọpẹ́, kọ́kọ́rọ́ nìyí."

Bọ̀dá Mohammed dà bí ẹni tí wọ́n gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣínu. Nígbà tó mu kókó tán, ó ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti di ọ̀gá."

"Kọ́kọ́rọ́ ni mo gbà, Bọ̀dá. N ò gba ìjókòó."

"Ìjókòó wo? Àga tó kán lẹ́sẹ̀ kan yẹn? Máa gbé e lọ ilé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ẹ̀ ò tíì dùn.


21 Máàṣì, Ọjọ́ Ẹtì

Ìpele kẹta ti ń lọ sópin, àwọn ti ọ̀sán ò sì dáa. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bẹ Bọ̀dá Mohammed pé tó bá ń gbé ìṣínu ọ̀gá lọ sí mọ́sálásí, kó bá mi béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni ká ṣe tí ìdajì batiri bá kọ̀?

Ó padà dé. "Ọ̀gá ní kí n kí ẹ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àwọn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ìyẹn nìkan?"

"Wọ́n tún ní èkuru náà dáa, ṣùgbọ́n ata ẹ̀ pọ̀."


22 Máàṣì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ó ti parí. 1 sí 12: èyí tó kéré jù 5,310, èyí tó pọ̀ jù 5,790. Ó wù mí. 13 àti 14 ti kú kí wọ́n tó dé ibí. 15 sí 28: kò sí ọ̀kan tó dé 4,400.

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ lọ. Mẹ́sàn-án péré ló wà lórí pẹpẹ wa tá a lè fi rọ́pò wọn. Àǹtí Hadiza ò lè ra odidi batiri mìíràn, wọ́n ti sọ ìyẹn láti ọjọ́ kìíní.

Mo pè wọ́n. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ó ti kú nìyẹn?"

"Bó ṣe hàn sí mi nìyẹn, mà."

"Alùhàmúdùlíláì." Wọ́n pa fóònù.


24 Máàṣì, Ọjọ́ Ajé

Àǹtí Hadiza ti bá Gbénró sọ̀rọ̀, ẹni tó máa ń ra òkú ọkọ̀ tú sí wẹ́wẹ́ tà. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀, ló máa wá wọ́ ọ lọ.

Bọ̀dá Mohammed fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbọ́. Ká fi mẹ́sàn-án orí pẹpẹ sí i, ká yan méje tó sàn díẹ̀ nínú àwọn ọ̀lẹ yẹn, ká dì í. Iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù á kú. Á gbé wọn dé ìwọlé."

"Lẹ́yìn ìwọlé ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìwọlé, Ọlọ́run ń bẹ."

"Ọlọ́run ń bẹ, Bọ̀dá, ṣùgbọ́n Òun kọ́ ló máa di bóòtù yẹn. Èmi ni."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ dùbúlẹ̀. Kì í ṣèèyàn burúkú. Àánú Àǹtí Hadiza ló ń ṣe é, ó sì fẹ́ kí àánú náà yá kíákíá.

Ohun kan ń gún mi lọ́kàn. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlá kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà láàárín ló máa ń kọ́kọ́ kú, torí ibẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí. 13 àti 14, ó yé mi. Ṣùgbọ́n 28 tó wà ní ìparí pátápátá, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i? Mo máa tún 15 sí 21 yẹ̀ wò lọ́la kí wọ́n tó lọ. Tí n ò bá ṣe é, n ò ní sùn.


25 Máàṣì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òjò àkọ́rọ̀!

Ó ṣú láti apá Ìpàta ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ìjì gbé páálí gbogbo àdúgbò kiri, ó sì rọ̀ títí di aago kan. Òórùn ilẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé aṣọ òtútù wọ̀, èmi tí mo ti ń fi ìwé fẹ́ ara mi láti oṣù kan.

15 sí 21 ti wà lórí ṣájà látàárọ̀, wọ́n ń gba iná lọ nínú òtútù yẹn. Aago mẹ́rin mo ka iye tí wọ́n tú jáde. 15: 5,260. 16: 5,410. 17: 5,380. 18: 5,500. 19: 3,900. 20: 5,330. 21: 5,470.

Mo rò pé ṣájà ti bàjẹ́. Mo gbé nọ́ńbà 18 sí ṣájà mìíràn, mo tún un ṣe díẹ̀, ó ń lọ sí ibì kan náà. Mo jókòó lórí àga tó kán lẹ́sẹ̀. Mo wo ògiri.

Ooru ni mo ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí. N kò wọn sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí ooru bá mú kì í gba iná dáadáa. Ṣájà á ní ó ti kún, ṣùgbọ́n ooru ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn ti àárọ̀, lẹ́yìn sààrì ni wọ́n ń gba tiwọn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Àwọn ti ọ̀sán, abẹ́ páànù gbígbóná. Lójoojúmọ́, àwọn kan náà. Ètò tí mo fi ń yangàn lọ́kàn mi ló ṣe é. Ká ní mo dà wọ́n pọ̀ ni, ká ní mo tiẹ̀ jẹ́ onídọ̀tí díẹ̀, ǹ bá ti rí i lọ́jọ́ kẹta. Tí kì í bá ṣe oṣù ààwẹ̀, gbogbo wọn là bá ti máa ṣe láti aago mẹ́jọ, a ò bá sì pín wọn bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo jí Bọ̀dá Mohammed. Mo ṣàlàyé. Ó fi ojú oorun wò mí. "Ìyẹn ni pé àwọn náà ń gbààwẹ̀. Lọ́sàn-án, wọn ò gba nǹkan sẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín, n kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Má sọ fún Àǹtí Hadiza pé àṣìṣe lo ṣe o. Sọ pé ara wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. Tó o bá ní o ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa gbà ọ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì?"

Mo ní màá rò ó. N kò rò ó rárá.


26 Máàṣì, Ọjọ́rú

Aago mẹ́fà àárọ̀ mo ti wà nílé Àǹtí Hadiza. Wọ́n ń gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ náà ò dúró.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má tíì ta ọkọ̀ yẹn."

"Ṣọpẹ́, o ò jẹ́ kí n kírun tán dáadáa."

"Mo ṣàṣìṣe, mà. Ibi tí ooru pọ̀ sí ni mo ti wọn ìdajì ẹ̀. Mo tún un wọ̀n lánàá nínú òjò. Nínú méje, mẹ́fà ló dáa."

Ìgbálẹ̀ dúró.

"Ìwọ lo sọ fún mi pé ó ti kú."

"Èmi ni, mà."

"Mo ti sunkún ẹ̀. Mo ti sunkún ẹ̀ tán pátápátá, omi ojú ti gbẹ. Ìwọ náà ló tún wá ń jí i?"

"Ẹ máà bínú, mà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àwọn mẹ́fà yẹn dá mi lójú. Méje tó kù, màá mọ̀ lọ́la. Tí wọ́n bá dáa, ọkọ̀ á jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí wọn ò bá dáa, èmi fúnra mi ni màá pe Gbénró."

Wọ́n wò mí títí. Ojú mi ò yẹ̀. Wọ́n ní, "Bó o ṣe wá sọ fún mi lójú yìí ló jẹ́ kí n gbọ́. Lọ."

Gbénró dé ní aago mẹ́wàá, pẹ̀lú okùn àti ọkọ̀ tó fẹ́ fi wọ́ ọ. Bọ̀dá Mohammed ló pàdé ẹ̀ lẹ́nu géètì, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ní ìbàdí. "Ọjà yẹn ò sí mọ́."

"Kí ló dé? Ta ló rà á?"

"Kò sẹ́ni tó rà á. Ó ń mí."

Gbénró yọjú wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà káàkiri lórí tábìlì. "Haíbíríìdì yìí ló ń mí? Ìfun ẹ̀ nìyí níta! Òkú tí wọ́n ní kí n wá gbé, ẹ wá ní ó ń mí."

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa lọ. Tó bá tún kú, a mọ ilé yín."

Mi ò sọ fún Bọ̀dá Mohammed pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló jáde lọ.


27 Máàṣì, Ọjọ́bọ̀

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Bọ̀dá Mohammed ò dúró dè mí lẹ́yìn sààrì. Ó wọ́n omi sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó gbé fáànù kọ́. "Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́ o. Tí wọ́n bá pèrun, kò sí nǹkan mọ́."

22 sí 28. 26 kò dáa, 4,020. Àwọn mẹ́fà yòókù wà láàárín 5,290 sí 5,600.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ìwé náà fún Bọ̀dá Mohammed kó kà á. Ó ní, "Máṣàllá," ó sì dá ìwé náà padà pẹ̀lú ọwọ́ méjì bí ìgbà téèyàn ń fún àgbà ní nǹkan. Mo mọ̀ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ péré.

Mẹ́rin ló máa lọ: 13, 14, 19, 26. A ó fi mẹ́rin orí pẹpẹ rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n aago kan náà la máa wọn àwọn yẹn, ilẹ̀ tútù kan náà.


28 Máàṣì, Ọjọ́ Ẹtì

Àwọn tó wà lórí pẹpẹ: nínú mẹ́sàn-án, a wọn méje, a rí mẹ́rin tó bá àwọn tiwa mu. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù tú 6,050. Bọ̀dá Mohammed ní ká mú un. Mo kọ̀. Alágbára yẹn á máa dá iṣẹ́ ṣe, á sì da àárín wọn rú. Ó ronú díẹ̀, ó gbé e padà. "Ọ̀rọ̀ ọ̀gá lò ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni."

Lẹ́yìn Jímọ̀ a to gbogbo wọn padà, a fi irin orí àti irin ìdí fún wọn mọ́ra kí wọ́n má baà wú. Àwọn tó kéré díẹ̀ ni mo kó sí etí, níbi tí atẹ́gùn wà. Mo di bóòtù ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tún padà yẹ̀ wọ́n wò láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Màámi rán gúgúrú sí mi. Mo fún Bọ̀dá Mohammed ní tiẹ̀ sínú ọ̀rá di ìgbà ìṣínu.


29 Máàṣì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A gbé batiri náà wọ ọkọ̀. Mo rọra ti púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn tó ń so iná batiri náà pọ̀ padà sí ipò ẹ̀, nítorí láti ìgbà yẹn lọ, ó lè pa èèyàn. Bọ̀dá Mohammed dúró lẹ́yìn mi, igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa pé kí ẹnì kan máa dúró, kó lè fi igi ti èèyàn kúrò.

Mo tẹ bọ́tìnì. Iná aláwọ̀ ewé yọ. Kò sí pupa. Kò sí òfeefèé.

A wà á jáde ní aago méjì ọ̀sán, nítorí ọ̀sán ni ọ̀tá wa. Ọjà Tuntun, Ìpàta, a há sí àárín ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já iṣu, a padà. Fóònù tí mo so mọ́ ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ mi, ìlà mẹ́rìnlá lójú ẹ̀, ọ̀kan fún sẹ́ẹ̀lì méjì-méjì. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù kò kọjá 0.2 fóltì. Tó bá ti dé 1, iná pupa ń bọ̀.

Àǹtí Hadiza wá gbé e. Wọ́n jókòó sínú ẹ̀, wọ́n di sítíárìn mú, wọn ò wà á. Wọ́n ní, "Kò pariwo."

"Kò gbọ́dọ̀ pariwo, mà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Wọ́n ní àwọn á dúpẹ́ ní Ọjọ́rú, kì í ṣe òní. Mo gbà. Bí èmi náà bá jẹ́ wọn, Ọjọ́rú ni.

Wọ́n rí oṣù ní alẹ́.


30 Máàṣì, Ọjọ́ Àìkú, ọdún Ìtúnu

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ kí ọ̀gá. Wọ́n ti gbẹ díẹ̀, ojú wọn ń dán. Ìrẹsì àti ẹran wà káàkiri. Nígbà tí àlejò dínkù, wọ́n ní kí n gbé iye àwọn sẹ́ẹ̀lì wá. Wọ́n kà á. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni, "Aago mélòó lo wọn ìwọ̀nyí?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀: àárọ̀, ọ̀sán, òjò, Àǹtí Hadiza, Gbénró. N kò fi nǹkan kan pamọ́, n kò sì fi nǹkan kan kún un.

Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá Mohammed. "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà lọ́sàn-án?"

"Ọ̀gá, mo ń sùn."

"Ó dáa. Láti òní lọ, ẹ máa kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ iye. Ẹ jẹ ẹran."

Ó tán. Mo ti múra ìdáhùn mẹ́wàá sílẹ̀, ẹyọ kan péré ni mo lò.


1 Épírì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ooru ti padà. Oorun ò wá. Batiri tó wọ̀n dáadáa lórí tábìlì ṣì lè já èèyàn kulẹ̀ nínú ọkọ̀ tó kún fún ọmọ, nínú oòrùn aago méjì. Mo mọ ìyẹn, ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n.


2 Épírì, Ọjọ́rú

Aago mẹ́ta òru ni mo ti jí. Aago mẹ́fà mo wọ ọkọ̀ Àǹtí Hadiza, mo jókòó síwájú. Ìyá Miracle, ọ̀kan nínú àwọn òbí náà, ti sọ fún wọn lójú pé òun ti ní kí ọkùnrin oníbọ́ọ̀sì yẹn dúró di ọ̀sán òní, kí òun kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe máa lọ. Ẹni méjì mìíràn ń tẹ̀lé ohun tí Ìyá Miracle bá ṣe. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ.

Àárọ̀ lọ dáadáa. Àárọ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù.

Aago méjì ọ̀sán, a dé ẹnu géètì iléèwé. Bọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, ó funfun, wọ́n ti fọ̀ ọ́, kọ́tìnì wà lójú fèrèsé ẹ̀. Ọkùnrin náà kí wa. "Alhaja, ẹ kú ọdún. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ yín kú."

"Ó kú," ni Àǹtí Hadiza wí. "Ó jí. Ẹ bá wa dúpẹ́."

Ọmọ mẹ́jọ, báàgì mẹ́jọ, kúlà omi. Àǹtí Hadiza tan ẹ̀rọ amúlétutù. Mo wo fóònù. 0.3. A bọ́ sí títì, ọkọ̀ há, a dúró, a lọ díẹ̀, a dúró. Nathan, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, na ọrùn láti ẹ̀yìn.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń wò nínú fóònù?"

"Batiri."

"Ṣé tuntun ni?"

"Ó ti gbó."

"Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́?"

"Gbogbo wọn gbó bákan náà ni."

Ó ronú sí i. "Bíi Dádì àgbà àti Màmá àgbà."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Àǹtí Hadiza ò rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn le lórí sítíárìn. Ìgòkè tó wà lẹ́yìn afárá ló kù. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ti kú lóṣù tó kọjá.

0.4. Ọkọ̀ gorí òkè. 0.5. Ẹni tó wà níwájú wa kọ̀ láti lọ, a dúró ní àárín ìgòkè gan-an, oòrùn lórí wa bí irin. 0.5. Mo ń gbọ́ fáànù batiri lẹ́yìn ìjókòó, ó ń fẹ́ dáadáa, atẹ́gùn tútù inú ọkọ̀ ló ń fà. 0.5. Àǹtí Hadiza ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ṣọpẹ́?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó fò bí ọmọ ewúrẹ́. A gorí òkè tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, iye náà sì ń padà, 0.4, 0.3, 0.2. Mo pa fóònù. N kò tún nílò láti wò ó.

Ilé Miracle la kàn kẹ́yìn. Ìyá ẹ̀ jáde, ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan atẹ́gùn tútù tó ń jáde. Ó gba báàgì ọmọ ẹ̀.

"Àárọ̀ ọ̀la, aago mẹ́fà ààbọ̀ náà ni?"

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ náà ni," ni Àǹtí Hadiza wí.

Ó ti wọlé tán kí Àǹtí Hadiza tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé orí lé sítíárìn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbé mi dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n sì nawọ́ kọjá mi láti bá mi ṣí ilẹ̀kùn. "Ọjọ́rú ti dé, Ṣọpẹ́. O ṣé."

Màámi bá mi gbé omi ìwẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ni mo dùbúlẹ̀.